Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Ère Kẹ́hìndé

Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi, ọlọ́pàá kò wá mi wá, ara mi sì le koko. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹnì kan má baà jókòó síbì kan kó ní ikú ló ń lé Fàtímọ̀ tó fi la ẹnu. Irọ́ ni. Inú ló ń bí mi. Ó ti di oṣù mẹ́ta tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi, tí mo bá ń kírun n kì í mọ iye ráká tí mo ti kí, ẹni tí inú rẹ̀ sì ń bí mi jù lọ láyé ni èmi Fàtímọ̀ Béjidé tó ń kọ èyí. Ọ̀rọ̀ náà ti rà sí mi níkùn. Mo fẹ́ bì í síta lónìí, kí gbogbo ẹni tó bá gbóòórùn rẹ̀ di imú.

Ẹni tí kò mọ orúkọ mi ní Òṣogbo mọ ohùn mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ìyókù, ara bébà tí wọ́n fi ń wé ẹ̀pà ni mo ti kọ́ ọ. Òwò ère ni mò ń ṣe. Mò ń ta ọmọlángidi tí àwọn ọmọbìnrin ayé àtijọ́ ń pọ̀n ṣeré, mo sì ń ta ère ìbejì tí ìyá ń wẹ̀, tó ń fún lóńjẹ, nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ bá kú. Ẹ má rò pé òyìnbó ló ń rà á lọ́wọ́ mi. Yorùbá ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ìjọba àti tísà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó ń kó ère jọ bí ẹlòmíràn ṣe ń kó aṣọ jọ. Ẹgbẹ́ Alágbàtọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Ilé Alàgbà Fákúnlé ní Dàda Estate ni wọ́n ti ń pàdé lóṣooṣù. Bàbá yìí, ẹni tí bàbá tirẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rélùwéè, ti fi ère kún pálọ̀ débi pé tẹlifíṣọ̀n ń bẹ ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Wọ́n ní àṣà kan tí n kò rí níbòmíràn. Bí o bá gbé ère wá, wàá jókòó, wàá gbé e lé itan bí ọmọ, wàá sọ ilé tó ti wá, ẹni tó tọ́jú rẹ̀, àti orúkọ tí wọ́n ń pè é. Bí o bá ti parí, gbogbo ilé á dáhùn pé, "A gbà á tọ́!" Ó tán nìyẹn. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bi ọ́ ní ìbéèrè kejì. Alàgbà Fákúnlé a máa wí pé, "Ẹni tó bá ń bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ìyá ọmọ, kóòtù ni kó gbà lọ." Ẹ wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu fún olè!

Mo wọlé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń wọlé. Cornelius, ọmọ Iléṣà, ló ń gbẹ́ ère náà. Èmi ni mò ń sọ ọ́ di arúgbó. Mò ń so ó rọ̀ lókè ààrò kí èéfín mú un, mò ń fi osùn àti epo ra á, mò ń fi búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ sí i nírun, mo sì ń rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ikán kí ikán tọ́ ọ wò díẹ̀. Èyí tí Cornelius gbẹ́ lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde á ti pé ọgọ́ta ọdún kí Iléyá tó dé. Cornelius á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Fàtímọ̀, gbogbo obìnrin ń bí ọmọ jòjòló, ìwọ nìkan ló ń bí àgbàlagbà." Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Tí mo bá dé Dàda Estate, màá gbé e lé itan, màá sọ ìtàn ọmọ tí kò sí rí, màá sì sunkún lé e lórí. Omi ojú mi gan-an ni, ẹ má ṣe rò pé mo fi àlùbọ́sà pa ojú. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀: mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìgbà tó yá ni Alàgbà Fákúnlé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Fàtímọ̀, ère ìbejì kan láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni mo fẹ́ kí n tó kú, èyí tí ìyá rẹ̀ ṣì ń wẹ̀ lọ́wọ́." Mo mọ ọ̀kan. Ìyá arúgbó kan wà ní abà kan lẹ́yìn Iléṣà, opó tó ní oko obì. Ìyá Ìbejì ni gbogbo abà ń pè é. Táíwò rẹ̀ ti dàgbà, ó wà ní Àkúrẹ́. Kẹ́hìndé kú kó tó pé ọdún méjì, ère rẹ̀ ló sì wà lórí àpótí níyàrá ìyá láti ìgbà náà. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní kó sun ún. Ó ní, "Mo sọ fún pásítọ̀ pé n kò bọ ọ́. Mò ń wẹ̀ ẹ́ ni. Ṣé òun kì í wẹ ọmọ tirẹ̀ ni?" Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo bẹ̀ ẹ́ kó ta á fún mi. Ìgbà kẹta, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bí ebi bá ń pa ọ́, sọ kí n fún ọ lóńjẹ. Ṣùgbọ́n má ṣe dá owó lé ọmọ mi mọ́."

Ṣé kí n ti yà níbẹ̀? Ẹni tó ní àánú á yà. Èmi kò yà. Ọdún tó kọjá, ikán jẹ ẹsẹ̀ ère náà kan, ojú ìyá sì ti ń ṣe bàìbàì. Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n bá òun wá ẹni tó máa tún ẹsẹ̀ ọmọ òun ṣe. Ó fi ìró wé e, ó gbé e fún mi lọ́wọ́ méjèèjì, ó ní, "Má ṣe gbé e sínú búùtù ọkọ̀ o. Ooru á mú un." Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Cornelius ní Iléṣà, mo ní kó gbẹ́ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ojú ère náà ti dán, imú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹnu ti wọlé síbi tí ọwọ́ ìyá ti ń fún un lóńjẹ láti bí àádọ́ta ọdún. Cornelius gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Fàtímọ̀, èyí ò dáa. Àwọn tá a ti ń parọ́ mọ́ látẹ̀yìn wá, igi ni wọ́n." Mo ní, "Kí wá lèyí? Ẹran?" Ó ní, "Ìwọ náà mọ̀." Mo bú u. Mo ní ojo ni, mo ní ẹni tó ti jẹ màlúù kò gbọdọ̀ máa sá fún ìrù rẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ. Èmi náà fi oṣù méjì sọ ọ́ di arúgbó, n kò tíì ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀sán gangan ni mo gbé ayédèrú náà dé abà. Ìyá fọhùn Ìjẹ̀ṣà, ó ní, "Gbé e wọ ulé." Ó gbà á, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Ọmọ mi fúyẹ́." Mo ní, "Ìyá, ikán ti jẹ inú rẹ̀, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò ni." Ó fi ìka tọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ẹnu rẹ̀ kò gba ìka mi bíi ti tẹ́lẹ̀." Mo fi ohùn líle dá a lóhùn, mo ní, "Ẹ̀yin Ìyá, ṣé olè lẹ wá ń pè mí ni? Wọ́láhì, Kẹ́hìndé yín nìyí!" Mo fi Ọlọ́run búra, ẹ̀yin ènìyàn. Ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ní ogbó ló ń yọ òun lẹ́nu, kí n má bínú, kí n foríjin òun. Èmi! Ó di obì àbàtà fún mi nínú ewé, mo sì jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀ nínú ọkọ̀ kí n tó dé Òṣogbo. Ẹ ò rí irú ẹnu tí mo ní?

Lóṣù yẹn, mo gbé ojúlówó lé itan ní Dàda Estate. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́sàn-án, orúkọ tòótọ́ ni mo pè, ilé tòótọ́ ni mo sọ. Mo kàn fi kún un pé ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Wọ́n ní, "A gbà á tọ́!" Alàgbà Fákúnlé gbé e mọ́ra, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ẹ̀yin Alágbàtọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín wí níhìn-ín, torí n kò ní nìkan jẹ̀bi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbé ọmọ ọlọ́mọ wá. Ẹnì kan ṣoṣo nínú yín kò bi mí rí pé, "Fàtímọ̀, báwo ni ìyá ṣe gbà kó kúrò lọ́wọ́ òun?" Ẹ ní ìgbàgbọ́ lẹ ní. Ìgbàgbọ́ wo? Ẹ kò fẹ́ mọ̀ ni!

Ẹni tó tú wa fó ni Tóyọ̀sí, nọ́ọ̀sì kan láti Iléṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́. Mo gbé ọmọlángidi kan wá, mo ní ọmọbìnrin kan ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Wọ́n ti la ẹnu láti dáhùn nígbà tí Tóyọ̀sí ní, "Ẹ dákun, mọ̀mí. Ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n, ṣebí ikùn ló ń ha ẹ̀yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n? Ikùn èyí mú ṣáṣá. Ojú rẹ̀ ló jẹ. Ta ló ń wẹ ojú ọmọlángidi?" Pípa ojú ère rẹ́ bíi ti ìbejì ti di bárakú fún mi. Mo fi ọwọ́ ìyá wẹ ohun ìṣeré ọmọdé. Alàgbà Fákúnlé jágbe mọ́ Tóyọ̀sí pé a kì í bèèrè. Tóyọ̀sí ní, "Dádì, ẹ lọ wo ikùn àwọn tó wà lára ògiri yín." Wọ́n wò ó, ikùn gbogbo ọmọlángidi tí mo tà mú bákan náà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, orí Wátsáàpù ẹgbẹ́ ti di ojú ogun. Ẹni tí kò ra nǹkan lọ́wọ́ mi rí náà ń fura sí ère ìyá rẹ̀. Wọ́n ń pe ara wọn ní gbájúẹ̀, àwọn tó ti jọ jẹun nínú abọ́ kan náà fún ọdún mọ́kànlá.

Ọjọ́ Sátidé kan, Alàgbà Fákúnlé pè wá jọ sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó ti dáná sínú àgbá. Ó ń ju gbogbo ohun tó ti ọwọ́ mi wá sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ tí mo fún wọn bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ iléèwé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà dúró bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, mo tilẹ̀ ń dá wọn lóhùn. Ó wá gbé Kẹ́hìndé, ó pe orúkọ rẹ̀. Mo fò, mo di agbádá rẹ̀ mú. "Èyí kọ́! Ojúlówó nìyí!" Ó ní, "Fàtímọ̀, bí o bá ní ilẹ̀ mọ́, màá jáde lọ wò ó." Mo ní, "Mo bẹ̀ yín, Bàbá, òótọ́ ni!" Ó dúró. Kí n má tàn yín jẹ, ó dúró. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ó dáa. Sọ bí o ṣe rí i. Bí ìyá rẹ̀ bá ti kú, ta ló gbé e fún ọ?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Kí n ní, "Mo jí i ni, ìyá rẹ̀ wà láàyè." Kẹ́hìndé kì bá tí wọ àgbá náà. Èmi tí mo ń pariwo káàkiri pé n kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, tí mo ti bú ọlọ́pàá, tí mo ti bú alága káńsù, mo jọ̀wọ́ agbádá rẹ̀. Mo rí ẹ̀wọ̀n. Mo rí ojú Tóyọ̀sí. Mo dákẹ́. Alàgbà Fákúnlé ní, "Ẹ ń rí i?" ó sì jù ú sínú iná. Epo àádọ́ta ọdún ló wà lára rẹ̀. Ó jó ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Olè jíjà kéré sí i, ìbúra kéré sí i. Mo dákẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ lè gbà á là.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ sí abà. Mo bá Ìyá níbi tó ti ń bu ẹ̀wà sẹ́nu ayédèrú náà. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ kò tó mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láìfi ọ̀kan pamọ́. Kò pariwo. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó sun ún, ṣé ó pe orúkọ rẹ̀?" Mo ní, "Ó pè é, Ìyá." Ó mi orí. Ó wá fi ìró wé ayédèrú náà bó ti wé ojúlówó lọ́jọ́sí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Gbà. Ìwọ lo bí èyí. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Lọ máa fún un lóńjẹ, kí o má sì tà á." Ó wọ ulé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbẹ́ igi, tó ń ta igi, tí ẹ ń sọ pé igi lásán ni: ẹ dákẹ́. Ìyá Ìbejì, mo tọrọ àforíjì. Ẹ̀tọ́ yín ni láti má fún mi. Ẹ̀yin Alágbàtọ́, n kò bẹ̀ yín. Mo jí, mo parọ́, mo dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ilé mi ni ó ti máa bá mi, lásìkò oúnjẹ. Kó dúró kí n kọ́kọ́ fún ọmọ mi lóńjẹ tán.