Ọwọ́ Tó Di Jẹ́sì Wendell Mú

Ẹ̀yin ará ìjọ wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọpọlọ mi tó gbàgbé rẹ̀, nítorí dókítà ní bí àrùn ìgbàgbé ṣe bẹ̀rẹ̀ lára Wendell ọ̀rẹ́ mi ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lára mi. Irọ́ ti rìn lọ jìnnà, òótọ́ ti wá lé e bá. Láìnbákà ni mí nígbà tí mo ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹun, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, tí wọ́n ń forí kọlu ara wọn. Èmi ni mo máa ń dúró láàárín àwọn tó ń dènà, tí mo ń pariwo ibi tí kálukú yóò wà. Akọni lẹ ń pè mí ní Louisiana níbí. Akọni kọ́ ni mí.

Ife ẹ̀yẹ ku díẹ̀ kó tẹ̀ wá lọ́wọ́ lọ́dún kan, níbi ìdíje àṣekágbá. Wendell, tá a jọ dàgbà ládùúgbò yìí, ló wà lọ́wọ́ òsì mi. Òun àti ẹnì kan forí sọra wọn. Ó dìde, ó sì lọ dúró láàárín àwọn alátakò wa tó kóra jọ, ó fẹ́ bá wọn gbọ́ àṣẹ bí wọ́n ṣe máa gbá a. Mo sáré fà á padà. Ó ní, “Roscoe, ṣé Màmá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé?”

Bí mo bá fọwọ́ gbá àṣíborí mi, tó jẹ́ àmì pé ẹnì kan ti fara pa lórí, dókítà á wá mú un jáde. Mi ò fọwọ́ gbá a. Ojú kòkòrò ni. Mo di jẹ́sì rẹ̀ mú lẹ́yìn, mo kọjú rẹ̀ síbi tó yẹ, mo ń tì í síwájú bí ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Kóòṣì bi mí bóyá ara Wendell yá. Mo ní, “Koko ni, sà.” Lẹ́yìn náà ni ìforísọ kejì dé, èyí tó sọ ọ́ di òkú tó ń rìn. A gba ife. Wendell kò mọ̀ pé a gbà á títí ó fi kú.

Níbi ìsìnkú rẹ̀, èmi yìí ni mo sọ lórí pẹpẹ pé agídí ló pa á, pé òun ló kọ̀ tí kò jáde kúrò lórí pápá. Màmá Earline, ìyá rẹ̀, bu ìrẹsì àti ẹ̀wà pupa fún mi. Mo jẹ ẹ́, aláìnítìjú.

Lánàá, mo jẹ́wọ́ fún Màmá Earline ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, kò gbójú sókè. Ó ní, “Ó gbàgbé orúkọ mi, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé, ‘Mo fẹ́ ṣubú, ẹnì kan di aṣọ mi mú.’ Látìgbà náà ni mo ti ń gbàdúrà fún ẹni tó ni ọwọ́ yẹn. Roscoe, kí ni kí n wá sọ fún Ọlọ́run lálẹ́ òní?”

Ẹ bá mi bẹ Màmá Earline. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí, bí ọ̀rẹ́ yín bá bi yín ní irú ìbéèrè tí Wendell bi mí lórí pápá, ẹ fọwọ́ gbá àṣíborí yín, kí ife máa lọ.