Sẹ̀gi Màmá Tó Gbà Mí Sílé

Adájọ́ ti sọ̀rọ̀ tán lórí mi: kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára mi. Inú yàrá àwọn tó ń dúró de ikú ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹni tí mo pa ò ṣẹ̀ mí.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń tà ní ọjà Trade Fair. Ẹ̀yìnkùlé Màmá kan ní Festac ni mò ń gbé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ayé rẹ̀ tọ́jú àwọn ohun àtijọ́. Bí ara mi ò bá yá, òun ló ń po ẹ̀kọ mímu fún mi.

Ó ní okùn sẹ̀gi kan, ìlẹ̀kẹ̀ dígí aláwọ̀ aró tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé e sójú oòrùn, ó fún mi ní awò tó ń sọ kékeré di ńlá.

"Kí lo rí nínú rẹ̀?"

"Ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ ni, Mà. Wọ́n gùn gbọọrọ."

"Wọ́n fà á nígbà tó ṣì gbóná ni, kí wọ́n tó gé e. Ká ní wọ́n wé e mọ́ irin ni, ihò yẹn ì bá yí po. Tó o bá sì rí ojú ìsopọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n dà á sí, kì í ṣe ojúlówó sẹ̀gi nìyẹn. Má fi irin ha á láé, ó lè là. Ojú la fi ń mọ̀ ọ́n."

Oníbàárà kan láti Alákijà wá ń wá ojúlówó sẹ̀gi. Nígbà tí Màmá lọ sí ìpàdé àdúrà, mo tú okùn náà, mo yọ ẹyọ kan, mo fi tuntun kan nínú ọjà mi dí àyè rẹ̀. Mo rò ó pé ẹyọ kan ṣoṣo ni, ta ló máa mọ̀?

Ọkùnrin náà ò gbà mí gbọ́. "Àbúrò, fi irin ha á kí n rí i bóyá ojúlówó ni, àbí kó o máa gbé e lọ." Mo ha á. Ó là sí méjì lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin náà pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Màmá pè mí sí pálọ̀. Okùn sẹ̀gi wà lórí itan rẹ̀.

"Ọmọ mi, ojú ìsopọ̀ wà lára ọ̀kan. Tèmi dà?"

"N ò mọ̀, Mà."

"Dá a padà, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ti ìyá mi ni."

Ká ní mo sọ pé ó ti fọ́, bóyá ì bá sunkún, kó sì dárí jì mí. Mo tún purọ́. Ló bá mú fóònù, ó ní òun fẹ́ pe ọmọ òun ọkùnrin. Mo já a gbà. Ó figbe ta. Mo fi tìmùtìmù àga bò ó lẹ́nu. Ó di ọwọ́ mi mú, mo sì mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. N kò ní sọ pé èṣù ni. Èmi ni.

Àwọn aládùúgbò tó gbọ́ igbe náà já ilẹ̀kùn wọlé. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń wí pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Ní kóòtù, ọmọ rẹ̀ bi mí ní ohun kan péré: "Ṣé ó dárúkọ mi?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọwọ́ yín bá ti ba nǹkan olóhun jẹ́, ẹ sọ fún un nígbà tó ṣì lè bínú sí yín. Ẹ jẹ́ kó bú yín, kó lé yín jáde, kó fi yín sun gbogbo àdúgbò. Ìtìjú kì í pa èèyàn. Èmi sá fún un, mo sì pa ìyá tó ń pè mí lọ́mọ.