Ṣúgà Tó Dá Ọkọ Mi Padà

Alhamdulillahi! Ẹ̀yin ìyá mi nínú àsàlátù, ẹ bá mi sọ ọ́ kí ó dún dé Àpòmù! Alhamdulillahi!

Ẹ mọ̀ pé ilé méjì ni Alájì, ọkọ mi, ní. Èmi ìyálé, Ìyá Ṣàkírá, wà ní Ìkirè níbí. Ràbí, ìyàwó kékeré, wà ní Àpòmù. Nínú ààwẹ̀ kan, nígbà tí kò tíì sí fóònù àpò, ọ̀dọ̀ Ràbí ni Alájì ti jẹ sààrì. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n wọlé tọ̀ mí wá fún ìṣínu. Òógùn bò wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Alájì wò mí lójú, wọ́n ní, "Ràbí, ìyálé rẹ ńkọ́?"

Èmi! Èmi tí mo bímọ márùn-ún fún wọn!

Mo figbe ta: "Ràbí ti fún wọn ní nǹkan jẹ!" Àbúrò Alájì tó wà nílé ní, "Wèrè ni èyí. Ẹ jẹ́ ká dè wọ́n." Ó ti mú okùn dání nígbà tí Ràbí já wọlé. Ràbí ní ìsọkúsọ ni Alájì ń sọ bí wọ́n ṣe ń jáde nílé òun, ìdí nìyẹn tóun fi tẹ̀ lé wọn.

"Ìyá Ṣàkírá, ẹ forí jì mí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè wọ́n! Alájì lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà ní sààrì, wọn ò sì jẹun látìgbà náà. Ọsibítù ni!"

Ìtọ̀ ṣúgà? Wọn ò sọ fún mi rí! Ràbí ni wọ́n sọ fún! Inú mi gbóná ju epo tí wọ́n fi ń dín dòdò létí títì lọ. Ṣùgbọ́n mo wo okùn, mo wo ọkọ mi. Mo ní, "Ràbí, bọ́ sínú mọ́tò. A ó jà tí ara wọn bá yá."

Dókítà gún Alájì níka, ó ní, "Èyí kì í ṣe wèrè. Ṣúgà ara wọn ló lọ sílẹ̀ jù. Ọpọlọ tí kò rí ṣúgà kò lè dá èèyàn mọ̀. Àmì àìsàn ni, bí ara gbígbóná ṣe jẹ́ àmì ibà." Ó fa omi ṣúgà sí wọn lára.

Subhanallahi! Kò pẹ́, ojú wọn wálẹ̀. Wọ́n lanu, wọ́n ní, "Ràbí."

Ràbí dá wọn lóhùn.

Wọ́n yíjú sí mi: "Ìyá Ṣàkírá, ṣé o ti ṣínu?"

Èmi ni wọ́n pè ṣìkejì. Mo gbà! Alhamdulillahi!

Ẹ̀yin ìyá, bí orí ẹnì kan bá dàrú lójijì, ẹ má wá okùn, ẹ má wá àjẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ béèrè oògùn tó ń lò, kódà bó jẹ́ orogún yín ló mọ̀ ọ́n. Allah tó yọ mí kò ní fi yín sílẹ̀.

Ṣúgà oníhóró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí Alájì nílé mi báyìí. Mo gbọ́ pé ó wà nílé Ràbí náà. Tèmi pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Alhamdulillahi!