Omi Àdúrà Tí Mo Dà Sínú Katakata Ọkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Mo sọ ẹnì kan di olè, kò sì jalè. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí ọmọ mi tó jìyà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi.

Nígbà tí ẹ̀yìn ìlú Ìbà ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, ọkọ mi ní ògbólógbòó katakata kan tó fi ń bá àwọn àgbẹ̀ túlẹ̀. Kẹ́hìndé ló ń wà á. Nígbà tó yá, tó bá ti wọ ilẹ̀ líle, ìró ẹ́ńjìnnì á lọ sílẹ̀, á fẹ́ẹ̀ kú. Kẹ́hìndé fọ ibi tó ń gba afẹ́fẹ́, kò yàtọ̀. Ó ní fílítà tó ń sẹ́ dísẹ́ẹ̀lì ló dí, kí wọ́n ra tuntun. Ọkọ mi ń fi òní dọ́la.

Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni mí. Wòlíì wa gbàdúrà sí omi fún mi, ó ní kí n wọ́n ọn sára táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi ọlọ́gbọ́n àṣejù, mo ní ṣebí inú ló ń run ún? Mo dà á síbi tó ti ń mu dísẹ́ẹ̀lì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ṣíná rẹ̀, ìró ẹ́ńjìnnì ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, ó rú èéfín funfun, ó kú. Mẹkáníìkì kan wá láti Ọ̀jọ́, ó fa dísẹ́ẹ̀lì inú táńkì sínú ìgò. Kò pẹ́, omi dúró lọ́tọ̀ nísàlẹ̀.

Ọkọ mi yíjú sí Kẹ́hìndé. "O ń ta dísẹ́ẹ̀lì mi, o wá ń bu omi dípò rẹ̀!"

"Ọ̀gá, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ o! Mọ́mì, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ ṣáà mọ̀ mí."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì dákẹ́. Ọkọ mi ti ní bí òun bá tún rí omi àdúrà nílé òun, ilé bàbá mi ni n ó ti máa gbà á. Wọ́n lé Kẹ́hìndé, orúkọ burúkú yẹn sì tẹ̀ lé e dé Ìjànikin. Kò sẹ́ni tó fún un ní mọ́tò wà mọ́. Ojú ń tì mí títí dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bùkọ́lá ọmọ mi mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá sílé wa ní Ọ̀kọ́kọ́máíkò. Nígbà tó dárúkọ bàbá rẹ̀, ọmọ Kẹ́hìndé ni. Ọkọ mi ní òun kò ní fọmọ fún ọmọ olè láéláé. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

N kò bi yín bóyá kí n sọ ọ́. N ó sọ ọ́, bí ọkọ mi tilẹ̀ máa lé mi. Ṣùgbọ́n ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún, ọkọ mi ni àbí Kẹ́hìndé? Bí mo bá kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi, ó lè ní kí n pa ẹnu mi dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Kẹ́hìndé, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ kí n tó dé, jọ̀ọ́, dárí jì mí. O kò jí nǹkan kan.