Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Àtòpọ̀ Jáde Nílé

Ohun tí Bàbá Àtòpọ̀ gbé pamọ́ sínú láti ọdún gbọ́nhan, tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá kú láìmọ̀, ọjọ́ tí wọ́n wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ ló tẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ó ti tó àkókò kí ó di mímọ̀.

Ọkọ̀ yìí ló sọ ọ́ ní Àtòpọ̀. Kò sí irú rẹ̀ ládùúgbò, ilé iṣẹ́ tó sì ń ṣe é ti kógbá sílé tipẹ́. Inú àpótí onígi ló wà nígbà tó dé, ní wẹ́wẹ́: ara rẹ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe, àwọn irin abẹ́ rẹ̀, wáyà tó lọ́ mọ́ra bí ìfun. Bàbá àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n tò ó pọ̀. Bàbá ló nífẹ̀ẹ́ ọkọ̀, àbúrò ló mọṣẹ́, torí ojúlówó mẹkáníìkì ni. Ìyàwó àbúrò, tó jẹ́ aránṣọ, ló rán awọ ìjókòó rẹ̀, òwú pupa lórí awọ dúdú. Àwọn ará àdúgbò máa ń ṣàwàdà pé tí iná bá ń jólé, Bàbá á kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ jáde kó tó rántí ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Ó wá ẹni tí yóò kẹ́ ọkọ̀ náà bí òun ṣe kẹ́ ẹ, ó sì rí obìnrin kan, ayàwòrán ilé. Láàárọ̀ Sátidé tí ìyẹn ń bọ̀ wá gbé e, Bàbá ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé kó wá bá òun tì í jáde ní gáráàjì.

Àbúrò dé tòun tìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ kan tí ọkọ̀ náà ti ní jàǹbá nígbà tí òun àtìyàwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹlòmíì. Ẹnu géètì ilé ìwé kan ló ń ṣọ́. Ìyàwó rẹ̀ náà kò ránṣọ mọ́. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í ká.

Ayàwòrán ilé fọwọ́ pa ọkọ̀ lára, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, sà. Ṣé kò ní àìsàn kankan?"

"Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ," ni Bàbá wí.

Ẹ̀rín kò tíì tán lẹ́nu wọn tí àbúrò fi sún mọ́ wọn. "Ẹ má bínú, màdáámù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ bíréèkì wò kí ẹ tó gbé e sọ́nà. Èmi ni mo so páìpù rẹ̀ nígbà kan, mi ò fún un le. Ó já wa kulẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti da gẹ̀rẹ́. Ìyàwó mi nìyí, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀."

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ìyẹn gan-an ló gún Bàbá lọ́kàn. Ká ní àbúrò sunkún ni, bóyá Bàbá ìbá tún lè mú un mọ́ra.

"Àbúrò mi, ìwọ kọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó ti pẹ́."

"Mo ní ìwọ kọ́! O fún un le dáadáa. Èmi ni mo tú páìpù náà nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú jàǹbá, mo fẹ́ kùn ún kó máa dán tí wọ́n bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìka lásán ni mo fi dá nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà, mo ní n ó wá mú sípánà. Àlejò dé, mo gbàgbé."

"Ta ni kì í gbàgbé?" ni aránṣọ wí jẹ́jẹ́.

"Kò tíì tán, ìyàwó mi. Nígbà tí wọ́n ń tọ́jú rẹ ní ọsibítù, mo padà lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Mo rí nọ́ọ̀tì tó tú, mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo wá bá ọkọ rẹ lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀jẹ̀ rẹ wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo bi í pé, 'Ṣé ó dá ọ lójú pé o fún nọ́ọ̀tì yẹn le?' Ìbéèrè lásán! Ó ronú títí, ó ní, 'Bóyá mi ò fún un, ẹ̀gbọ́n.' Mo dákẹ́. Èmi òǹrorò yìí, mo tún gbá a mọ́ra, mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ti dárí jì í."

Bàbá kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. "Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin méjèèjì."

Aránṣọ ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ọwọ́ yìí ti jinná bó ṣe lè jinná. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fi ọwọ́ òsì mú ṣíbí, ọkùnrin yìí kì í lè jẹun mọ́. Oúnjẹ mélòó ló ti tutù níwájú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n?"

Ayàwòrán ilé ní kí òun padà wá nígbà mìíràn, àmọ́ àbúrò mi orí. "Ẹ máa gbé e lọ, màdáámù. Ọkọ̀ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni." Ó gbé Bàbá dìde, wọ́n jọ ti ọkọ̀ náà dé ìdí ọkọ̀ ńlá tó máa gbé e, wọn ò sọ gbólóhùn kan síra wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá náà yí kọ́nà lọ, Bàbá kò fojú sìn ín. Ojú àbúrò rẹ̀ ló ń wò.

"Bá mi sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ èébú."

Àbúrò nu ọwọ́ sí ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ má tíì bẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n sùn ná, kí n jí, kó jẹ́ pé èmi kọ́ ni mo ṣe é."