Orin Jemilat Tí N Kò Tẹ̀ Sínú Ẹ̀rọ

Mo fẹ́ tú òótọ́ kan síta kí n tó gbéra lọ sí Mẹ́kà, nítorí ó ti pẹ́ jù nínú mi, ó sì ti ń rùn. Èmi Fàsásì ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí mo ti ń gbé ní Woolwich ní Ìlú Ọba láti ìgbà tí Arsenal, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà etí odò, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ológun, kí ó tó di ilé àwọn olówó. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò lọ síbòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí yóò sọ fún yín pé olórí kunkun ni mí, n kì í sì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ nígbà èwe mi, mo ṣì lè sọ irú bàtà tó wọ̀ fún yín. Ìwà yìí ló bí ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Mo ba orin ọmọbìnrin kan jẹ́, mo sì fi irọ́ ya òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí irun orí àwọn méjèèjì fi funfun. Wọn kò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, láti ẹnu èmi fúnra mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gbọ́ orin lórí fóònù kò lè mọ ohun tí ṣáàtì jẹ́ fún wa láyé ìgbà náà. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ka iye àwo orin tí wọ́n tà káàkiri Ìlú Ọba, wọn a wá tò wọ́n bí wọ́n ṣe tà sí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọn a ka ogójì tó léwájú lórí rédíò, láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, títí dé orí èyí tó gba ipò kìíní. Ilé Medinat, ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà, ní Plumstead ni àwa Yorùbá àdúgbò ń pé sí láti gbọ́ ọ. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé wà níbẹ̀, ẹlòmíràn á sì ti fi ìka lé bọ́tìnnì kásẹ́ẹ̀tì kó lè gba orin tó fẹ́ràn sílẹ̀ kí olóòtú tó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Bí o bá wúkọ́ lásìkò yẹn, o gbé. Èmi sì ni ọ̀gá wọn níbẹ̀, nítorí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo orin ní Powis Street ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń kà o. Tiwa wà lára àwọn tí wọ́n ń kà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ káńtà wa. Bí a bá ta àwo kan, a ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ yóò sì fi wáyà tẹlifóònù ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe ìṣirò. Àwo kan tí a bá tẹ̀ kì í dúró fún ara rẹ̀ nìkan, ó tún ń dúró fún àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ẹ̀rọ. Èyí tí a kò bá tẹ̀, kò sẹ́ni tó rà á.

Jemilat ni àbúrò Medinat. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n gbé e dé ìlú yìí, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara bíi ti onílé. Ohùn rẹ̀ náà dùn, n kò ní purọ́ mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà tí ariwo pọ̀ jù nínú yàrá, mo ní, "Ẹ pa ẹnu mọ́, wọ́n fẹ́ ka ṣáàtì." Jemilat yíjú sí mi. "Wọ́n fẹ́ ṣáátá ta ni? Bọ̀dá Fàsásì, ẹ dákun, chart ni. Chart! Ẹ jẹ́ kí eyín yín bá ahọ́n yín pàdé." Kareem, tí àwa méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Fi í sílẹ̀ jàre, ṣẹ́ẹ̀tì ló ń tà. Bọ̀dá Ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ bá mi mú alápá gígùn kan!" Yàrá gba ẹ̀rín. Ìyẹn ì bá tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n Jemilat fi èyí tó dùn mí jù kún un: "Ìwé mẹ́fà ò kúkú lè rìn kọjá ibi tó mọ." Medinat bá a wí lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Jemilat, ẹ̀gbọ́n ẹ ni o. Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́." Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní kò burú. Irọ́ ni, ó burú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn tí n kò mọ̀ rí ti ń pè mí ní Bọ̀dá Ṣẹ́ẹ̀tì ní Powis Street. Kareem ló sọ mí lórúkọ, Jemilat ni mo sì dì sínú. Ẹ fẹ́ mọ ìdí rẹ̀? Kareem lè lù mí ni.

Ọdún bíi méjì lẹ́yìn èyí, Jemilat kọ orin kan fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Deptford, wọ́n sì gbé àwo rẹ̀ jáde. Orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ó rìn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ogójì. Bí ó bá wọlé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, rédíò yóò kọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo Ìlú Ọba yóò gbọ́ ọ. Bí kò bá wọlé, ilé-iṣẹ́ náà kò ní agbára láti dúró tì í mọ́. Medinat kò jókòó. Ó lọ sí mọ́sálásí, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì. "Ẹ lọ sọ́dọ̀ Fàsásì ní Sátidé. Àbúrò mi ni. Àbúrò gbogbo wa ni." Wọ́n sì wá. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣì wá. Veronica wá pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Japheth wọlé pẹ̀lú fìlà iṣẹ́, ó ní kí n ṣe kíá, bọ́ọ̀sì òun wà níta, àwọn èrò ń bú òun. Màmá àgbàlagbà kan tí kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi gbọ́ ọ náà rà á, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi wé àwo náà kí òjò má baà pa á. Mo bi í pé, "Mummy, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ó ní, "Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn wọlé ni."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí Veronica rà á, mo na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ọwọ́ mi sì dúró. Mo di àwo náà sínú ọ̀rá, mo kí i, ó lọ, n kò tẹ nǹkan kan. Mo ní ẹyọ kan péré ni, kò lè ṣe nǹkan. Bó bá dúró síbẹ̀, à bá pè é ní àṣìṣe. Kò pẹ́ sígbà náà ni Jemilat fúnra rẹ̀ ń kọjá lọ níta. Ó ki orí bọ ẹnu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tó rí aṣọ ọdún. "Bọ̀dá Ṣẹ́ẹ̀tì! Ṣé ó ń tà?" Kò ní ìkà nínú, orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pè mí ló pè mí. Mo ní, "Ó ń tà gan-an." Láti ìgbà yẹn títí a fi ti ilẹ̀kùn, n kò tẹ orin rẹ̀ mọ́. Kó má baà hàn pé ẹ̀rọ dákẹ́, bí wọ́n bá ti ra tirẹ̀, nọ́ńbà orin àwọn ọmọ òyìnbó kan tí n kò tilẹ̀ gbọ́ rí ni mò ń tẹ̀. Ó ní mò ń ṣáátá. Mo wá ṣáátá rẹ̀ lóòótọ́. Kareem rí mi. Ó ní, "Fàsásì, o ò tẹ̀ ẹ́." Mo ní mo tẹ̀ ẹ́. "O ò tẹ̀ ẹ́. Ojú mi kọ́ yìí?" Ó wò mí títí, ó wá rẹ́rìn-ín. Medinat ti kọ̀ fún Kareem nígbà tó ní òun fẹ́ fi í ṣaya, ó sì ń bínú sí i síbẹ̀. "Ìwọ yìí ò dáa o. Èmi ò sí níbẹ̀." Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó lọ ń to páálí. Ó ti kú báyìí, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Èmi ni kí ẹ dá lẹ́bi.

Lọ́jọ́ Àìkú, ilé Medinat kún dé àtẹ̀gùn. Jemilat jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi etí ti rédíò. Wọ́n ka ipò ogójì, wọn kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn kan ní bóyá ó ti fò lọ síwájú. Wọ́n kà á títí dé orí ìkíní. Kò sí. Orin tó gba ipò kìíní kọ tán, Jemilat kò tíì gbé etí kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èyí ló burú jù. Mo ti bi ara mi pé bí mo bá tẹ gbogbo rẹ̀ ńkọ́, ṣé yóò wọlé? N kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́, ìyà tèmi nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni Medinat ránṣẹ́ pè mí. Mo bá Jemilat ní ìdúró, kóòtù lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Deptford ti sọ fún un pé ìlú mìíràn rà á, pé Woolwich tirẹ̀ gan-an ni kò rà á. "Ẹ ní gbogbo wọn máa lọ, Àǹtí mi. Ẹ ní àbúrò gbogbo yín ni mí." Medinat yíjú sí mi pẹ̀lú ìgboyà, bí ẹni tó pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀. "Fàsásì, ìwọ lo wà nídìí káńtà. Sọ fún un. Ṣé wọ́n wá àbí wọn ò wá?" Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Mo lè sọ pé mo gbàgbé. Mo lè sọ pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Mo ní, "Díẹ̀ wá. Wọn ò ju díẹ̀ lọ." Medinat ní, "Fàsásì! Mo rí i lọ́wọ́ Veronica!" Mo ní, "Bóyá ibòmíràn ló ti rà á." Mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Jemilat wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í ṣe èmi. "Òpùrọ́ ni yín. Gbogbo yín. Ẹ̀ ń yọ̀ mọ́ mi lójú, ẹ ò lè ra àwo kan ṣoṣo." Bó ṣe jáde nìyẹn. Ó kó lọ sí Thamesmead, kò kọrin mọ́, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Ó ṣe yìgì, kò pe Medinat. Nígbà tí ìyá wọn kú ní Èkó, wọ́n ṣe fídáù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ní Plumstead, ọ̀kan ní Thamesmead. Èmi yìí jẹun níbi méjèèjì.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ẹ mọ̀ pé ẹ ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ẹ ti bá gbé rí. Mo pe Jemilat lórí fóònù bí mo ṣe pe àwọn yòókù. Ó rẹ́rìn-ín. "Alhaji ọ̀la! Mo ti foríjì yín pátápátá. Kí lẹ tiẹ̀ ṣe fún mi rí? Ẹ ṣáà bá mi mú omi Sámúsámù bọ̀." Inú mi dùn fún ìgbà díẹ̀. Mo ní ó ti tán. Àmọ́ kò tán. Mo wá bi Álífà wa pé ọ̀rẹ́ mi kan wà, wọ́n ti foríjì í, ṣùgbọ́n ẹni tó foríjì í kò mọ ohun tó ṣe. Álífà ní, "Ẹni tó ní kí o máa mú adìẹ òun lọ, tí o wá fa màlúù rẹ̀ jáde ńkọ́? Ọ̀rẹ́ ẹ kò tíì gba àforíjì kankan. Kó tètè lọ sọ ọ́ o, bàálù ẹ ti fẹ́ gbéra."

Amirah ọmọ mi ló wà mí lọ sí Thamesmead. Mo jókòó sínú mọ́tò lẹ́bàá adágún omi wọn títí ó fi sú u. "Daddy, ṣé ẹ fẹ́ wọlé àbí ká máa lọ?" Mo wọlé. Mo kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń pè mí ní bọ̀dá, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ẹyọ kan pamọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ṣáàtì ni yóò bi mí. Ohun tó bi mí ni pé, "Wọ́n wá?" Mo ní wọ́n wá. "Nínú òjò yẹn?" Mo ní nínú òjò yẹn. Mo sọ ti màmá onígèlè fún un. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún bí ọmọdé. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi, mo rò pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn mi." Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, iná sì wà nínú rẹ̀. "Ẹ dìde. Ẹ lọ wọ mọ́tò. Ẹ̀yìn ni kí ẹ jókòó sí."

Nígbà tí Medinat ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní Plumstead tó rí àwa méjèèjì, ó di àyà mú. "Ta ló kú?" Jemilat ní, "Kò sẹ́ni tó kú, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ n wọlé." Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Mo gbọ́ igbe, mo gbọ́ orúkọ mi pẹ̀lú èébú, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohun tí n kò gbọ́ láti ìgbà èwe wa: àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fi ara ti ògiri, mo ń gbọ́ wọn. Medinat yọjú nígbà tó yá. "Wọlé wá jẹun. Mi ò tíì foríjì ọ́ o, ṣùgbọ́n o ò ní gan sínú òtútù mọ́ mi lọ́rùn." Lẹ́yìn oúnjẹ ló wá ní òun ti yọ̀ǹda tòun, Jemilat náà ní òun yọ̀ǹda. "Àmọ́ àwọn tí mo rán lọ ra àwo yẹn, òpùrọ́ ni wọ́n ń jẹ́ títí dòní. Tiwọn ńkọ́?"

Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sọ ọ́ fún un lójú níbẹ̀ kó tó sùn mọ́ yín nínú. N kò sọ tèmi, ẹ wo ibi tó gbé mi dé. Ẹ̀yin tí ẹ wá ní Sátidé yẹn, àti ọmọ àwọn tó ti kú nínú yín, mo bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Ẹ kò purọ́, ẹ rà á, èmi ni mo tà á fún yín. Jemilat ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín kiri ní mọ́sálásí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú bọ́ọ̀sì. Bó bá dá yín dúró, tó bi yín bóyá ẹ rà á, ẹ sọ fún un. Yóò gbà yín gbọ́.