Èmi Ni Mo Fọwọ́ Kan Nọ́ńbà Inú exp

Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń po fúláwà yẹn, kí ẹ gbọ́ mi. Ohun tó wà nínú mi yóò jáde lónìí, mi ò sì ní kúnlẹ̀ sọ ọ́. Orúnkún mi ò gbà, èmi náà ò gbà. Ọmọ-ọmọ mi tí bàbá rẹ̀ ní kó di ẹrù rẹ̀ yìí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Òun ló kọ ètò tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọjọ́ tí búrẹ́dì wa yóò bu. Ó lo math.exp, ìṣirò ohun tó ń di ìlọ́po ìlọ́po, nínú Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Màmá Àgbà, èbu kì í rọra pọ̀. Bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń bímọ sí i." Mo ní, "Bíi ti ìdílé bàbá ẹ." A rẹ́rìn-ín títí.

Àmọ́ ètò yẹn ń da búrẹ́dì mi nù, èyí tó ṣì rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Ó ká mi lára. Nígbà tó lọ jẹun, mo gbé ìdí ràbàtà yìí lé àga rẹ̀, àga ké, mo wá nọ́ńbà tó ń sọ bí èbu ṣe ń sáré tó nínú exp, èyí tó ti fi hàn mí rí, mo sì pín in sí méjì. Mo rò pé èbu náà á dín sí ìdajì. Orí olódo. Lọ́jọ́ kẹrin, tó yẹ kí kọ̀ǹpútà ka èbu márùndínlọ́gọ́ta, kò ka mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mò ń retí. Méje péré ló kà, torí ìlọ́po ni exp ń ṣe. Ló bá ní búrẹ́dì náà dára. Ó dé ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń bì. Awakọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì wa kiri, ọmọ tìẹ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ibi tí mo ti burú jù rèé. Ọ̀gá yín, àkọ́bí mi, jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ ní, "Dádì, nọ́ńbà tí mo kọ kọ́ nìyí." Ó ní, "Àbí búrẹ́dì ló yí i?" Ó kọjú sí mi. Mo ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, kánjúkánjú ni wọ́n ń ṣe." Ọmọ náà wò mí. Mo ń jẹnu lọ bí ewúrẹ́.

Awakọ̀, forí jì mí. Tí o ò bá lè ṣe é, mi ò ní bínú. Àkọ́bí mi, má fojú yẹn wò mí, èmi ni mo bí ẹ. Mo kórìíra kéèyàn máa da oúnjẹ nù, n ó sì kórìíra rẹ̀ wọ sàréè. Ọmọ tó ń bì nìkan ló ń dùn mí, àti èyí tí mo parọ́ mọ́. Ẹ̀yin ọmọdé, tí iṣẹ́ yín bá yí padà, ẹ bi gbogbo ará ilé léèrè, ẹ má fo ìyá àgbà.

Ìwọ ọmọ-ọmọ mi, gbé báàgì ẹ padà wọlé, lọ tún nọ́ńbà ẹ ṣe. Èmi ni n ó jáde dípò ẹ. Ta ló rí bàtà mi?